Ìwàásù Tí Ariwo Dá Dúró

Òru mọ́jú Ọjọ́rú, ọjọ́ 8 oṣù Keje, 1741. Àwọn onígbàgbọ́ tó wà láyìíká Enfield, ní Massachusetts ìgbà náà, dojúbolẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà. Ìsọjí ti gba Suffield tó wà lódìkejì odò, ṣùgbọ́n Enfield ń ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ò kàn án.

Kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ìlú wọ ilé ìjọsìn, wọn ò bìkítà rárá. Pásítọ̀ Stephen Williams láti Longmeadow wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n jí gbé ní Deerfield lọ́dún 1704, nígbà tó ṣì kéré. Ìwé ìrántí rẹ̀ la fi mọ púpọ̀ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìwàásù. Pásítọ̀ Jonathan Edwards, ẹni ọdún 37, dìde. Deuteronomi 32:35 ló mú, lórí ẹsẹ̀ tí yóò yọ̀. Kì í ṣe ẹni tó ń jágbe. Oníwàásù inú dánfó tó ń ti Ajah lọ sí Obalende ní Èkó á ti pariwo jù ú lọ kí wọ́n tó dé Jakande. Edwards ní ẹjọ́ ti dá ẹlẹ́ṣẹ̀ lẹ́bi ná: ìlera rẹ̀ kò lè gbà á, ọgbọ́n rẹ̀ kò lè gbà á, àfi ọwọ́ Ọlọ́run tí kò tíì jù ú sílẹ̀. Ó wá mẹ́nu ba aláǹtakùn tí èèyàn gbé dání sókè iná. (Ọdún mẹ́wàá ṣáájú, oníwàásù yìí kan náà ti san £80 ní Newport ra ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Venus, tí kò ju ọmọ bí ọdún 14 lọ. Ẹ ò ní rí irú ẹ̀ṣẹ̀ yẹn nínú ìwàásù náà.)

Ariwo. Ẹkún sọ. Edwards ní kí wọ́n dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ òun. Wọn ò dákẹ́. Wọ́n ń kígbe pé kí làwọn ó ṣe táwọn ó fi là, àwọn ń lọ sọ́run àpáàdì o! Williams ní ńṣe ni oníwàásù ní láti dáwọ́ dúró. Ó sì ṣe mí láàánú, torí apá ìparí ìwàásù náà ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn àánú tí Kristi ṣí sílẹ̀ gbayawu wà.

Lẹ́yìn náà. Wọ́n dúró títí ara fi rọlẹ̀ díẹ̀. Wọ́n gbàdúrà. Àwọn pásítọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àga ìwàásù, wọ́n ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀, àwọn kan níhìn-ín, àwọn kan lọ́hùn-ún. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ìgbàlà ọjọ́ náà ti ṣẹlẹ̀, láàárín ẹni kan sí ẹnìkejì.

Alẹ́. Williams rí i pé ojú àwọn tó rí ìtùnú ń dán. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, wọ́n túká. Lọ́dún náà ni wọ́n tẹ ìwàásù náà jáde ní Boston, ẹni tí ariwo ò sì jẹ́ kó gbọ́ ìparí rẹ̀ wá lè kà á.