Òfin Gbígbẹ́sẹ̀lé Dúkìá àti Fífọ Owó Àìmọ́ ní Nàìjíríà: Ohun Tí Àyípadà Rẹ̀ Ná Ìlú, 1966 sí 2025

Bí èèyàn bá bi òṣìṣẹ́ báńkì léèrè ìgbà tí òfin yìí bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, yóò ní 1995, ọdún tí ìjọba Abacha ṣe òfin àkọ́kọ́ lórí fífọ owó àìmọ́. Oníròyìn yóò ní 2003, nítorí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó. Àwọn lọ́yà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ pé Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ le, ní 1967. Àwọn ni mo fara mọ́, torí láti Ìbàdàn la ti lè ka gbèsè tí òfin kọ̀ọ̀kan dá sí ìlú lọ́rùn kí wọ́n tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Òfin kan ti ìjọba àpapọ̀ ní 1966 ló kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn ológun lè tú dúkìá òṣìṣẹ́ ìjọba wò. Lọ́dún kejì, ìjọba Adéyínká Adébáyọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ṣe tirẹ̀, Nọ́mbà 5. Ti Ìwọ̀-Oòrùn ló bí ẹjọ́ ńlá náà. Ní 31 Oṣù Kẹjọ 1967, ìgbìmọ̀ olùwádìí tí òfin yẹn gbé kalẹ̀ pàṣẹ pé E. O. Lákanmí àti ẹnì kan pẹ̀lú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ta dúkìá wọn, wọn kò gbọdọ̀ fi dógò, kí owó ilé tí àwọn ayálégbé ń san sì máa lọ sí àpò ìjọba. Lákanmí gba kóòtù lọ, kò sì ríre níbẹ̀. Ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ẹjọ́ yìí ṣì wà nílẹ̀ ní 1968 tí ìjọba àpapọ̀ fi gbé òfin Nọ́mbà 45 jáde, tí wọ́n to orúkọ àwọn èèyàn sínú rẹ̀, ti Lákanmí wà níbẹ̀, tí wọ́n sì ní ohun gbogbo tí ìgbìmọ̀ náà ti ṣe ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Rótìmí Williams ló gbẹjọ́ rò fún un títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Ní 24 Oṣù Kẹrin 1970, ilé ẹjọ́ náà, lábẹ́ Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, dá Lákanmí láre. Wọ́n ní òfin tó bá dárúkọ ẹni, tó sì gba dúkìá ẹni náà, ti kúrò ní òfin, ó ti di ìdájọ́, kóòtù nìkan ló sì ni ìdájọ́. Ayọ̀ náà kò pé oṣù kan. Ní 9 Oṣù Karùn-ún, ìjọba Gowon gbé òfin Nọ́mbà 28 jáde, ó ní ìfipágbàjọba tó ṣẹlẹ̀ ní 15 Oṣù Kìíní àti 29 Oṣù Keje 1966 ti fi òpin sí ètò òfin àtijọ́, pé kóòtù kankan kò lè wọ́gi lé òfin ológun, àti pé èyí tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, òfo ni.

Àwọn kan ṣì ń jiyàn bóyá dúkìá Lákanmí mọ́ àbí kò mọ́. Ìyẹn kò kan ìtàn yìí. Ohun tó kàn án ni pé nítorí dúkìá èèyàn díẹ̀, ìjọba gba agbára lọ́wọ́ gbogbo kóòtù ilẹ̀ yìí. Nínú gbogbo òfin tí mo tò síhìn-ín, Nọ́mbà 28 ni mo kà sí èyí tó wọ́n ìlú jù.

Murtala Muhammed, tó rọ́pò Gowon, kọ́kọ́ lo ìgbìmọ̀: nínú gómìnà ológun méjìlá tí wọ́n wádìí, Mọ́bọ́lájí Johnson ti Èkó àti Olúwọlé Rótìmí ti Ìwọ̀-Oòrùn nìkan ni wọn kò bá ẹ̀bi lọ́wọ́ wọn. Ìjọba gba dúkìá àwọn mẹ́wàá yòókù. Ní 1993, ìjọba Babangida tún ṣe òfin tó dá lára irú dúkìá bẹ́ẹ̀ padà. Láàárín ìgbà náà, òfin Nọ́mbà 3 ti Buhari, lórí gbígba dúkìá ìlú padà, wáyé ní 1984.

Òfin Abacha ní 1995 kò kọjá owó oògùn olóró. Ẹni tó bá kó owó ìṣúra ìlú lọ sí Switzerland kò fọ owó kankan lójú òfin yẹn, ẹ̀yin náà ẹ sì mọ ẹni tí ìyẹn rọ̀ lọ́rùn jù. Lẹ́yìn ikú Abacha ní 1998, ìjọba Abdulsalami gbé òfin Nọ́mbà 53 jáde ní 1999 láti gba dúkìá àwọn kan tí wọ́n to orúkọ wọn sínú rẹ̀, gẹ́lẹ́ bí Nọ́mbà 45 ti ṣe.

Ní Oṣù Kẹfà 2001, FATF, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó owó àìmọ́, fi Nàìjíríà sínú àtòkọ àwọn tí kò fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Wọ́n fún wa ní gbèdéke 15 Oṣù Kejìlá 2002. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà ni àtúnṣe òfin jáde. Ìkánjú yìí ló fà á tí ọdún fi dàrú lórí EFCC: 2002 ni òfin rẹ̀, 2003 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ Nuhu Ribadu, 2004 ni wọ́n tún òfin náà ṣe. Ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tọ̀nà. Àtòkọ náà kò sì tú wa sílẹ̀ títí di 2006.

Oníṣòwò ló fojú winá èyí tó tẹ̀ lé e. Òfin 2004 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ san owó tútù tó ju ₦500,000 lọ láìgba báńkì, ₦2,000,000 fún ilé iṣẹ́. Ní 2011, wọ́n sọ ọ́ di ₦5,000,000 àti ₦10,000,000. Àwọn lọ́yà ní tiwọn pe ìjọba lẹ́jọ́ pé àwọn kò gbọdọ̀ máa ròyìn oníbàárà àwọn, wọ́n jàre ní 2014, wọ́n tún jàre ní kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní 2017, kí òfin 2022 tó tún dárúkọ wọn ní tààràtà. Ẹjọ́ ọlọ́dún gbọọrọ tí gbólóhùn kan nínú òfin fọ́ dànù!

Abala 17 nínú òfin 419 ti 2006 ni mo rò pé ó ṣiṣẹ́ jù. Ó jẹ́ kí kóòtù gba owó tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣàlàyé, láìdúró de ìgbà tí wọ́n bá dá èèyàn lẹ́bi. Òun ni wọ́n fi gba $43.4 mílíọ̀nù tí wọ́n bá nínú fúláàtì kan ní Osborne, Ìkòyí, ní 2017. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì fọwọ́ sí abala náà ní 2019.

Owó tó ń ti òkè òkun bọ̀ ní àríyànjiyàn tirẹ̀. Ní 2020, Jersey dá owó Abacha tó lé ní $308 mílíọ̀nù padà, wọ́n sì pín in sórí títì Èkó sí Ìbàdàn, afárá kejì lórí odò Ọya àti títì Àbújá sí Kánò. Nígbà tí £4.2 mílíọ̀nù tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ James Ibori, gómìnà Delta nígbà kan rí, dé láti London ní 2021, iṣẹ́ mẹ́ta yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ fẹ́ ná an lé, ni àwọn ará Delta bá fárígá pé owó àwọn ni. Mo gbà pé wọ́n jàre.

Ní 12 Oṣù Karùn-ún 2022, Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí fífọ owó, lórí ìpániláyà àti lórí dúkìá ìwà ọ̀daràn. Síbẹ̀, ní Oṣù Kejì 2023 FATF tún fi wá sínú àtòkọ tó ń ṣọ́, ó sì di Oṣù Kẹwàá 2025 kí wọ́n tó yọ wá. Ìwádìí kan tí IMF tẹ̀ jáde ní 2021 ṣírò pé bí orílẹ̀-èdè bá wọ àtòkọ yẹn, owó tó ń wọlé láti òkèèrè a máa fi ìdá 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ ọrọ̀ ajé rẹ̀ dín kù.

Òfin 2022 lórí dúkìá ní kí owó gbogbo ohun tí wọ́n bá gbà tí wọ́n sì tà máa wọ àkáǹtì kan ní báńkì àpapọ̀ CBN. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èrè tí ìlú rí nínú gbogbo wàhálà yìí, kó bi aṣòfin àdúgbò rẹ̀ pé èló ló wà nínú àkáǹtì yẹn.