Eré Olórin láti Inú Sinimá sí Orí Tẹlifíṣọ̀n ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná, ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń jókòó sílé wo eré olórin lórí tẹlifíṣọ̀n ní àkókò náà gan-an tí àwọn òṣèré ń ṣe é lọ́wọ́, irú èyí tí a lè pè ní eré ojú-ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta ọdún 1955, ilé-iṣẹ́ NBC gbé Peter Pan jáde, Mary Martin sì ń fò káàkiri lórí okùn lójú àwọn òǹwòran tí wọ́n fojú bù sí mílíọ̀nù 65. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1957, CBS gbé Cinderella jáde, èyí tí Rodgers àti Hammerstein dìídì kọ fún tẹlifíṣọ̀n. Julie Andrews, ọmọ ọdún 21, ni ó ṣe ọmọbìnrin náà, àwọn tí ó wò ó sì lé ní mílíọ̀nù 100. Àwòrán aláwọ̀ ni wọ́n fi gbé e jáde lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀dà dúdú òun funfun ni ó ṣẹ́kù fún wa.

Ní ìgbà náà, kì í ṣe fún ọlá ni wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun èlò tí ó dára tó láti fi àwòrán tẹlifíṣọ̀n pamọ́. Nígbà tí téèpù àwòrán jáde ní ọdún 1956, ìdí láti máa fi eré wewu bẹ́ẹ̀ kúrò nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì tún Peter Pan ṣe ní ọdún 1960, orí téèpù ni wọ́n kọ́kọ́ gbà á sí. Láti ìgbà náà lọ ni irú eré bẹ́ẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìtàn.

NBC kan náà ni ó jí àṣà náà dìde ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá ọdún 2013 pẹ̀lú The Sound of Music. Ìṣòro kan tí kò sí ní ọdún 1955 ni ó sì ti dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà: sinimá. Orí ìtàgé ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1959, ṣùgbọ́n sinimá ti ọdún 1965 ni gbogbo ayé mọ̀, Julie Andrews yìí kan náà sì ni ojú àti ohùn Maria lọ́kàn wọn. Ìwé eré ti orí ìtàgé ni NBC mú lò. Síbẹ̀, sinimá ni àwọn òǹwòran fi wọ̀n ọ́n. Carrie Underwood, akọrin tí eré ṣíṣe kò tíì mọ́ lára, ni wọ́n fi sí ipò Maria, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí i kò sì kéré. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wò ó lé ní mílíọ̀nù 18. Ọ̀nà ti là.

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀bi náà kì í ṣe ti Underwood. Kò sí ẹyọ òǹwòran kan nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ṣe eré náà. Nínú sinimá, bí orin bá parí, ẹni tí ń gé fíìmù a mú ojú wa kúrò lọ sí orí òkè tàbí sí ojú ọ̀nà, kò sì sí ẹni tí yóò retí àtẹ́wọ́. Lórí ìtàgé, àtẹ́wọ́ ni ó ń pa orin dé; òṣèré a dúró gbà á, a sì mí, kí ó tó tẹ̀ síwájú. Nínú gbọ̀ngàn tí ó ṣófo, kò sí èkíní, kò sí èkejì. Orin a parí, kẹ́kẹ́ a pa, òṣèré a sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó lé orin tí kò rí ẹni gbè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni NBC ṣe Peter Pan ní ọdún 2014, àti The Wiz ní ọdún 2015.

Ilé-iṣẹ́ Fox ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn, nígbà tí ó mú Grease ní ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016. Jim Jacobs àti Warren Casey ni ó ṣe eré náà ní Chicago ní ọdún 1971, eré tí ẹnu rẹ̀ kò mọ́ púpọ̀. Ó dé Broadway ní ọdún 1972, ó sì di sinimá ní ọdún 1978. Sinimá ni ó fi "Hopelessly Devoted to You" àti "You're the One That I Want" kún un. Ẹni tí ó bá gbé Grease jáde lónìí láìsí àwọn orin wọ̀nyí, àwọn ènìyàn yóò ní ó rẹ́ àwọn jẹ. Nítorí náà, Thomas Kail tí ó darí eré náà dá àwọn orin sinimá sí, ó sì tún padà lọ mú nínú ti orí ìtàgé.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé wọ́n kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún òǹwòran wá sínú ọgbà Warner Bros. ní Burbank, wọ́n sì fi wọ́n sí àárín eré gan-an, kí ariwo wọn lè dàbí ariwo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ wo "Freddy My Love", orin tí òṣèré kankan kò kọ lójú wa nínú sinimá. Keke Palmer bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú yàrá pẹ̀lú aṣọ àwọ̀sùn; kí a tó ṣẹ́jú, aṣọ tí ń dán ti wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti wà lórí ìtàgé níwájú àwọn ológun. Nínú sinimá, ẹni tí ń gé fíìmù ni ìbá ṣe iṣẹ́ yìí, ẹnu kì bá sì ya ẹnikẹ́ni. Níhìn-ín, ọwọ́ àwọn tí ń wọṣọ fún un ni ó ṣe é, ariwo àwọn tí ojú wọn tó o ni ó sì sọ fún ará ilé pé òótọ́ ni.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Òjò kò kúkú mọ ẹni ọ̀wọ̀: láàárín agboòrùn ni Jessie J ti kọ orin ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà kan wà tí ohùn já lójijì kí ó tó padà. Vanessa Hudgens, tí ó ṣe Rizzo, ni ọ̀ràn ọjọ́ náà wọ̀ lára jù, nítorí bàbá rẹ̀ jáde láyé ní alẹ́ tí ó ṣáájú eré. Bí ó bá jẹ́ fíìmù ni wọ́n ń yà, wọn ìbá lè dá iṣẹ́ dúró fún un. Ó ṣe tirẹ̀ títí dé òpin, wọ́n sì fi eré náà ṣe ìrántí bàbá rẹ̀. Àwọn tí ó wò ó lé ní mílíọ̀nù 12, eré náà sì gba ẹ̀bùn Emmy lọ́dún náà. Ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín díẹ̀ ni pé àwọn ará California, tí wọ́n ṣe eré náà lẹ́bàá ilé wọn, kò wò ó lójú ẹsẹ̀. Wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i, lórí téèpù.

Ọ̀rọ̀ téèpù yìí náà ni ó dé bá Fox ní ọdún 2019. Rent ni wọ́n mú lọ́tẹ̀ yìí, eré orí ìtàgé ọdún 1996 tí ó di sinimá ní ọdún 2005. Ní ọjọ́ 26 oṣù kìn-ín-ní, níbi ìdánrawò ìkẹyìn, Brennin Hunt, tí ó ṣe Roger, dá egungun ẹsẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ti kọ́ ipò rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, téèpù ìdánrawò náà ni Fox gbé jáde fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú eré. Àwọn tí ó wò ó kò tó mílíọ̀nù 4. Wọ́n ti ṣe ìdánrawò náà níwájú òǹwòran, àtẹ́wọ́ wọn sì wà nínú rẹ̀. Kò sí ohun tí ó dín nínú orin tàbí nínú ijó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń wò nílé ti mọ̀ pé ohun tí yóò bàjẹ́ ti bàjẹ́ ná, ní àná. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí eré parí ni wọ́n tó padà sí ojú ẹsẹ̀: Hunt wà ní ìjókòó, wọ́n ti di ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń kọrin.