Nígbà tí Owó Káńsù Kò Bá Tó: Ohun tó Yẹ kí Ìdílé Ifẹ̀-Olúkòtún Mọ̀

Bí gọ́tà bá dí, tàbí tí oògùn bá tán ní ilé ìwòsàn, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ ni pé "ìjọba ò ṣe nǹkan kan." Ìjọba wo là ń bá wí? Mẹ́ta ni wọ́n: ti àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀. Ti ìbílẹ̀ ló sún mọ́ ilé wa jù, síbẹ̀ òun la mọ̀ nípa rẹ̀ kéré jù. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣàlàyé ibi tí owó rẹ̀ ti ń wá, ìdí tí kì í fi í tó, àti ohun tí ará ìlú lè béèrè.

Ifẹ̀-Olúkòtún àti káńsù rẹ̀

Ilẹ̀ Yàgbà ni Ifẹ̀-Olúkòtún wà, láàrin àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Ọ̀kun. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara ni ilẹ̀ Ọ̀kun wà títí di ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 21 ló wà ní Kogi. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Yàgbà, tí olú rẹ̀ wà ní Ìsánlú, ló ni Ifẹ̀-Olúkòtún. Nínú wọ́ọ̀dù 10 tó wà níbẹ̀, méjì ló ń jẹ́ orúkọ ìlú wa: Ifẹ̀-Olúkòtún Kìíní àti Ifẹ̀-Olúkòtún Kejì. Ìyẹn ni pé kánsẹ́lọ̀ méjì ló yẹ kó máa sọ̀rọ̀ fún wa nígbà tí wọ́n bá ń jíròrò ètò ìṣúná.

Iṣẹ́ tí òfin gbé lé káńsù lọ́wọ́

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 to iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ. Ọjà, gáréèjì, odò ẹran, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta gbangba, kíkó ìdọ̀tí, gọ́tà, ọ̀nà àárín ìlú, itẹ́ òkú, àti ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó wà níbẹ̀. Ní ti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìtọ́jú ìlera àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ìpínlẹ̀ àti káńsù ló jọ ń ṣe é.

Kò sí ìdílé Mùsùlùmí tí èyí kò kàn. Ìmọ́tótó ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran tí a ń jẹ, ilẹ̀ tí a ń sin òkú wa sí, àti ilé ìwòsàn tí aboyún ń sáré lọ lóru, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìṣúná káńsù.

Ibi tí owó ti ń wá

Owó tí káńsù ń pa fúnra rẹ̀, bíi owó ọjà àti owó ṣọ́ọ̀bù, kì í pọ̀ ní ìlú tó jẹ́ pé iṣẹ́ oko ni ọ̀pọ̀ ń ṣe. Àpò àpapọ̀ orílẹ̀-èdè ni wọ́n gbójú lé. Nínú 100 náírà tí wọ́n bá pín níbẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ń mú 52.68, àwọn ìpínlẹ̀ ń mú 26.72, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774 sì ń pín 20.60. Wọ́n tún ní ìpín nínú owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT. Bí owó epo rọ̀bì bá já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, Ìsánlú náà yóò mọ̀ ọ́n lára.

Ìdí tí kì í fi í tó

Owó oṣù ló ń kọ́kọ́ jáde. Owó àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì wà lára ohun tí wọ́n ń yọ kí iṣẹ́ mìíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2024, òfin tuntun gbé owó oṣù tó kéré jù láti 30,000 náírà sí 70,000. Kogi sì fi tirẹ̀ sí 72,500. Ó tọ́ sí òṣìṣẹ́, nítorí ọjà ti gbówó lórí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: bí òṣìṣẹ́ 100 bá kúrò ní 30,000 sí 70,000, mílíọ̀nù 4 náírà ló wọlé sórí ìnáwó oṣù kan. Bí owó tó ń wọlé kò bá pọ̀ sí i bákan náà, gọ́tà, oògùn àti ọ̀nà oko ni yóò san án. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ìdí kejì ni àpò àjọlò tí òfin ní kí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ní. Ẹ̀sùn tó pẹ́ káàkiri Nàìjíríà ni pé owó ń wọ inú àpò yìí, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ káńsù.

Àtúnṣe ọdún 2024

Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, àti pé gómìnà kò gbọdọ̀ fi alága fìdíhẹ rọ́pò ẹni tí ará ìlú dìbò yàn. Kogi ṣe ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún náà. Ṣùgbọ́n sísan owó náà tààrà kò yá bí ìdájọ́ ti yá. Bó bá sì dé tán, ìdájọ́ kò sọ pé owó náà yóò tó, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé wọn yóò ná an bó ti yẹ. Iṣẹ́ àwa ará ìlú nìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Birmingham

Ìlú tó lówó pàápàá ń kó sínú rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, káńsù Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, kéde pé owó òun kò lè gbé ìnáwó òun mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá kún owó orí ilé, wọ́n sì dín owó ilé ìkàwé àti iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kù. Ó dun ará ìlú. Ṣùgbọ́n wọ́n rí ohun tí wọ́n fẹ́ gé lójú ìwé kí wọ́n tó gé e, wọ́n sì rí ẹni tí wọn yóò bi.

Ohun tí a lè ṣe

Ẹ lọ bá kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin: Èló ló wọlé lóṣù tó kọjá? Èló ló lọ sí owó oṣù? Iṣẹ́ wo ló wà nínú ìṣúná ọdún yìí fún Ifẹ̀-Olúkòtún? Bí owó kò bá tó, kí ni ẹ ó kọ́kọ́ gé?

Bí kò bá sí èsì, ẹ kọ ìwé. Òfin ọdún 2011 lórí ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ìjọba ń ṣe fún ilé iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì ti sọ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé òfin náà de gbogbo ìpele ìjọba. Ẹni tó bá ń béèrè kò bá ẹnikẹ́ni jà. Àmáánà ni owó ìlú, ẹni tó gbà á sọ́wọ́ ní láti lè ṣírò rẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Kí Ọlọ́hun ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ṣe é.