Bámidélé Alli: Góòlù 67 Láti Àárín Pápá

Ní Òṣòdì tàbí Ìsọlọ̀, ẹni tó bá gbọ́ "Bámidélé" á ti fura pé ìdálẹ̀ ni wọ́n ti bí ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Bámidélé Jermaine Alli. Milton Keynes, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1996. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbá bọ́ọ̀lù fún, ṣùgbọ́n láti ọdún 2016, "Dele" ló ní kí wọ́n máa kọ sẹ́yìn jẹ́sì òun, kì í ṣe "Alli" mọ́.

Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó kọ́kọ́ wọ pápá fún MK Dons, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Milton Keynes, lọ́dún 2012. Lóṣù kẹjọ ọdún 2014, ó wà nínú ikọ̀ wọn tó na Manchester United ní 4-0. Mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn ni Tottenham fi rà á lóṣù kejì ọdún 2015. Ọjà ọ̀pọ̀ gbáà ni.

Agbábọ́ọ̀lù àárín pápá ni wọ́n pè é, àmọ́ iwájú ilé ló ti ń ṣọṣẹ́. Bí ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn bá ti wà lára Harry Kane, akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tottenham, Dele á yọ́ gba ẹ̀yìn wọn wọlé. Ẹ wo ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2017. Chelsea tó wá kojú Tottenham ti borí nínú ìdíje líìgì 13 léraléra. Christian Eriksen gbé bọ́ọ̀lù sókè lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Dele fi orí kàn án sínú àwọ̀n: 2-0. Góòlù líìgì 18 ló jẹ ní sáà yẹn! Iye bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń gbá iwájú gan-an á fi yangàn. Àwọn agbábọ́ọ̀lù akẹgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dìbò yàn án ní ọ̀dọ́ tó pegedé jù lọ́dún 2016 àti 2017. Lóṣù kọkànlá ọdún 2017, ó jẹ méjì lára Real Madrid ní Wembley. Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2018, ó tún fi orí jẹ góòlù lára Sweden.

Lẹ́yìn náà ni ìfarapa dé, akọ́nimọ̀ọ́gbá sì ń yí padà. Góòlù 67 ló jẹ fún Tottenham nínú ìdíje 269 kó tó lọ sí Everton lóṣù kìíní ọdún 2022, níbi tí kò ti jẹ góòlù kankan. Ó lo àkókò díẹ̀ ní Beşiktaş, nílẹ̀ Turkey. Lóṣù keje ọdún 2023, ó jókòó síwájú kámẹ́rà, ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní kékeré àti bó ṣe lọ gba ìtọ́jú. Lójú tèmi, ìgboyà ọjọ́ yẹn ju ti góòlù èyíkéyìí lọ.

Como, nílẹ̀ Italy, gbà á lọ́dún 2025. Lóṣù kẹta, wọ́n fi í rọ́pò ẹlòmíràn ní San Siro nígbà tí ìdíje pẹ̀lú Milan ń parí lọ. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, rẹfirí fún un ní káàdì pupa. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, òun àti Como ti pínyà. Ọmọ ọdún 29 ni nígbà náà.