Ẹgbẹ́ Koola Lobitos ní Amẹ́ríkà, 1969

Ìbéèrè kan ni ó gbé kálámù lé mi lọ́wọ́. Ní àdúgbò wa ní Ire-Akari, ní Isolo, àwọn ọ̀dọ́ kan ń wo fíìmù àtijọ́ nípa The Beatles. Ọjọ́ 9 oṣù Fẹ́búárì 1964 ni àwọn ọmọ Liverpool mẹ́rin yìí kọrin lórí ètò Ed Sullivan ní New York, tí nǹkan bí mílíọ̀nù 73 ènìyàn sì ń wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí tiwa tí ó lọ bẹ́ẹ̀ ni?” Mo ní ó wà, ṣùgbọ́n ohun tí ojú tiwọn rí yàtọ̀.

Kì í ṣe pé a kò mọ tẹlifíṣọ̀n o. WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn láti 1959. Fela Ransome-Kuti fúnra rẹ̀, nígbà tí ó kẹ́kọ̀ọ́ orin bọ̀ láti London ní 1963, ṣiṣẹ́ ní Nigerian Broadcasting Corporation. Ní 1969 ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀, Koola Lobitos, lọ sí Amẹ́ríkà, Tony Allen sì wà nídìí ìlù. Ìyà jẹ wọ́n lọ́hùn-ún. Ìwé ìwọ̀lú wọn kò fún wọn láyè iṣẹ́, owó tán, ilé ijó kékeré kan ní Los Angeles ni wọ́n ti ń wá oúnjẹ òòjọ́.

Ní ìlú yìí ni Sandra Smith, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú tí ó ti bá àwọn Black Panther rìn, ti bi Fela léèrè ohun tí orin rẹ̀ ń wí. Fela ní ọbẹ̀ ni. Ẹnu ya obìnrin náà: orin dídùn báyìí, ọ̀rọ̀ ọbẹ̀? Ó fún un ní ìwé ìtàn ayé Malcolm X kà. A máa ń wí pé ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í ní kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Ti Fela yí padà: inú oko ẹlòmíràn ni ó ti rí i pé òun kò tíì ro ti bàbá òun. “My Lady’s Frustration”, tí ó ṣe níbẹ̀, ni ó kà sí orin Áfíríkà àkọ́kọ́ tí òun kọ.

Ó padà wálé ní 1970, ó sọ ẹgbẹ́ náà ní Nigeria 70. Ní 1971, “Jeun K’oku” gba ìgboro kan. Ẹ wò ó, oúnjẹ náà ni ó tún kọ! Ṣùgbọ́n ìlù ti yàtọ̀. Kò jìnnà sí wa rárá: bí a bá gba Òṣòdì bọ́ sí Agege Motor Road, tí a kọjá Mushin, Ìdí-Òrò ni ó ti ń ṣeré ní Empire Hotel.