Ta ni Oníṣègùn Kọnkéré? Ìtàn Kúkúrú Ohun Kan àti Orúkọ Rẹ̀

Ilé ìwé Faransé ni mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà «béton auto-cicatrisant». Nígbà tí mo délé ní Kétu, mo sọ fún bàbá mi, tí ó jẹ́ mọlémọlé, pé wọ́n ti ṣe kọnkéré tí ó ń wo ara rẹ̀ sàn. Wọ́n wo kòtò omi òjò wa tí ògiri rẹ̀ ti sán, wọ́n ní: «Ta ni oníṣègùn rẹ̀?» Ìtàn ohun náà ni mo fẹ́ fi dáhùn.

Ní ọdún 1973, Boquet, Boronat àti Ramos-Cormenzana fi hàn nínú ìwé ìròyìn Nature pé ọ̀pọ̀ bakitéríà inú ilẹ̀ ló lè dá òkúta ẹfun. Ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1993, wọ́n fi irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ tọ́jú òkúta ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Médard ní Thouars. Níbẹ̀, ènìyàn ni oníṣègùn: òun ló gbé oògùn wá pa ògiri lára.

Ní Delft, ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, Henk Jonkers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yí ọ̀nà padà. Wọ́n fi wóró bakitéríà ẹ̀yà Bacillus àti oúnjẹ rẹ̀, calcium lactate, sínú hóró amọ̀ tí a fi iná sun, wọ́n sì pò ó mọ́ kọnkéré láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Níhìn-ín, omi ni aláǹgbá. Bí ó bá wọlé, wóró á jí, á jẹun, á sì fi òkúta ẹfun dí ojú sísán. Ní 2011, Wiktor àti Jonkers kọ ọ́ pé lẹ́yìn 100 ọjọ́ nínú omi, sísán tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mìlímítà 0.46 dí, nínú kọnkéré tí kò ní bakitéríà, kò ju 0.18 lọ.

Iye kejì yìí kan àwa onímọ̀ èdè. Kọnkéré lásán gan-an ló ń dí ara rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ti Delft ní òṣìṣẹ́ nínú, ṣùgbọ́n «auto-» bo òṣìṣẹ́ náà mọ́lẹ̀. «Wo ara rẹ̀ sàn» yóò bò ó pẹ̀lú. «Jinná» ni mo yàn. Egbò ń jinná láìjẹ́ pé ó wo ara rẹ̀, a sì lè béèrè ohun tó mú un jinná. Ó tún ń rán wa létí àpá: òkúta ẹfun tó dí ojú sísán kì í ṣe kọnkéré, irin tó ti dípẹtà nínú ògiri kò sì ní padà bọ̀ sípò. Ẹni tó bá gbà pé ògiri ń wo ara rẹ̀ sàn lè máa wò ó títí yóò fi wó.

Mo padà sọ fún bàbá mi: «kọnkéré ajinná». Wọ́n gba orúkọ náà. Wọ́n ní tiwa kò ní bakitéríà nínú, kí n lọ gbé sìmẹ́ńtì wá.