Obìnrin Ayé Mìíràn nínú Fíìmù Olówó Pọ́ọ́kú

Fíìmù nípa àwọn obìnrin ayé mìíràn tí ẹwà wọn ń da ọkùnrin lọ́kàn rú kì í sábà gba owó ńlá. Nínú Queen of Outer Space, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1958, àwọn arìnrìn-àjò òfurufú balẹ̀ sí Fẹ́núsì, wọ́n sì bá ìlú kan níbẹ̀ tó jẹ́ pé obìnrin ló ń ṣàkóso rẹ̀. Àwọn aṣọ tí wọ́n ti lò nínú Forbidden Planet ní 1956 ni wọ́n tún fi wọ àwọn òṣèré kan. Ní etí ọ̀sà Èkó, láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì nínú ìtàn. Omi àti igbó ló ti ń wá.

Ìtàn tó gbajúmọ̀ jù nípa rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ni ti ọdẹ àti ẹfọ̀n. Ọdẹ náà wà lórí ẹ̀gùn nígbà tí ẹfọ̀n kan bọ́ awọ ara rẹ̀ sílẹ̀, tó di arẹwà, tó sì kọrí sọ́jà. Ọdẹ gbé awọ náà pamọ́ sínú àká, ó sì fi obìnrin náà ṣaya. Nígbà tó mutí yó, ó tú àṣírí fún ìyáálé. Èébú ìyáálé ni ìyàwó fi mọ ibi tí awọ rẹ̀ wà, ló bá gbé e wọ̀, ó sì padà sígbó. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé òrìṣà Ọya ni obìnrin yìí.

Àwọn eléré alárìnkiri ló gbé ayé mìíràn bọ́ sójú kámẹ́rà. Hubert Ògúndé gbé Ayé jáde ní 1979, nínú èyí tí babaláwo ń bá àwọn àjẹ́ jà. Ní 1982, Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ṣe Ọ̀run Móoru, Ọlá Balógun sì ni olùdarí rẹ̀. Nínú fíìmù náà, Lámídì, tí wọ́n lù ní jìbìtì, bẹ́ sómi láti kú, ṣùgbọ́n ààfin Ikú ló ti lajú, wọ́n sì ní ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Àwọn olè tó ń ṣe ẹ̀dà fíìmù jẹ èrè fíìmù náà run, gbèsè sì wọ Bàbá Sàlá lọ́rùn.

Lẹ́yìn 1986, tí iye náírà já wálẹ̀, fíìmù orí sẹ́lúlọ́ìdì wọ́n kọjá agbára àwọn eléré. Wọ́n bọ́ sídìí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, Ìdúmọ̀tà ní Èkó sì di ojú ọjà rẹ̀. Nínú Nneka the Pretty Serpent, tí Zeb Ejiro darí ní 1994, agbára ẹ̀mí omi ni ọmọbìnrin kan fi ń tan àwọn ọkùnrin. Kí fíìmù yìí tó jáde, Òfin 85 ti ọdún 1993 ti dá àjọ tó ń yẹ fíìmù wò sílẹ̀, àjọ náà ló sì ń sọ ọjọ́ orí tó tọ́ sí wíwo fíìmù kọ̀ọ̀kan.

Ní 2014, Nnedi Okorafor kọ ìwé Lagoon, níbi tí ẹ̀dá òfurufú kan ti gbé àwọ̀ obìnrin wọ̀, tó gòkè láti inú òkun ní Bar Beach, tí orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ Ayọ̀délé. Fẹ́núsì wọ ọ̀nà omi wá sí Èkó nìyẹn. C.J. Obasi sọ ìtàn kúkúrú tí òǹkọ̀wé yìí kan náà kọ di Hello, Rain ní 2018. Nínú rẹ̀, àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì po ẹ̀rọ mọ́ oògùn láti ṣe wíìgì alágbára.

Ní Ìkòròdú, àwọn ọ̀dọ́ tó ń jẹ́ Ikorodu Bois ń fi ohun èlò inú ilé ṣe àfarawé fíìmù olówó gọbọi: bárò a di ọkọ̀, igi a di ìbọn. Ní 2020, àfarawé Extraction tí wọ́n ṣe wu àwọn tó ṣe fíìmù náà, Netflix sì fi kámẹ́rà àti ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí wọn. Ní ìhà Ẹ̀pẹ́, Èjìnrìn, tó jẹ́ ọjà ńlá etí ọ̀sà láyé àtijọ́, ni ìjọba Èkó yàn fún ìlú fíìmù lórí ilẹ̀ 100 hẹ́kítà. Láti orí Lámídì dé orí Ayọ̀délé, ìtàn kò fìgbà kan wọ́n àwọn ará etí ọ̀sà. Owó àti ẹ̀rọ ló wọ́n wọn.